Ẹni Tó Bá Akínpẹ̀lúmi Wá sí Lurup

Ọwọ́ ọkùnrin náà ni Morísọ́lá kọ́kọ́ rí, kó tó wá rí ojú rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n. Kọfí inú ife rẹ̀ ń ta sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí tábìlì kékeré tó wà láàárín àwọn méjèèjì nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Hamburg lọ sí Berlin, òun náà sì ń fi bébà nù ún bí ẹni tó ti mọ́ lára. Ọ̀sán ni, nínú oṣù kẹwàá ọdún 2018, oòrùn tí kò lágbára ń wọlé lójú fèrèsé.

Nọ́ọ̀sì ni Morísọ́lá. Ọdún mẹ́rin ló ti fi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìwòsàn kan ní Hamburg, kò sì sí irú ọwọ́ gbígbọ̀n tí kò tíì rí. Ó ti ń ronú irú oògùn tó yẹ ẹni báyìí nígbà tí ọkùnrin náà gbé ife sílẹ̀, tó fa tábúlẹ́ẹ̀tì kan yọ nínú báàgì, tó sì mú kálámù funfun kan tí kò ní yíǹkì. Bí ẹnu kálámù ṣe kan ojú gíláàsì, gbígbọ̀n náà dúró. Ọwọ́ ọ̀hún dákẹ́ rọ́rọ́, bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé pọ̀n.

Ọmọlúàbí kì í yọjú wo iṣẹ́ oníṣẹ́. Morísọ́lá mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì na ọrùn síbẹ̀. Etí ni ọkùnrin náà ń yà: etí ìyá àgbà òyìnbó kan tó ń sùn ní ìjókòó òdìkejì, pẹ̀lú yẹtí rẹ̀ àti irun funfun mẹ́ta tó yọ jáde nínú ihò etí ọ̀hún. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Morísọ́lá kó tó rí i dì mú.

"Entschuldigung," ni ọkùnrin náà fi èdè Jámánì tọrọ àforíjì, ó sì fi ọwọ́ bo iṣẹ́ rẹ̀. Kí Morísọ́lá tó fèsì, fóònù ọkùnrin náà dún. "Ẹ káàsán, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ti jẹun. Mo jẹun dáadáa, mà. Mo wà nínú train."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Morísọ́lá ń wò ó tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Irọ́ lẹ pa fún màmá yín," ni ó wí. "Kọfí nìkan lẹ mu, ìdajì rẹ̀ ló sì wà lórí table."

Ẹnu ya ọkùnrin náà. "Ah! Ọmọ Yorùbá ni yín?"

"Mo jẹ́ ọmọ Yorùbá tó láti mọ̀ pé ẹ ò ṣàánú ìyá yìí. Kí lẹ wá ń ya irun etí wọn fún?"

Ó fi ìka méjì kan ojú gíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta. Irun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pòórá. "Ó tán. Mo ti fá a fún wọn."

"Ẹ dá a padà jàre. Irun yẹn ló jẹ́ kí etí náà jọ ti èèyàn."

Ó dá a padà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá àgbà fi jí, tó sì bi wọ́n bóyá ọkọ̀ ti dé Spandau.

Akínpẹ̀lúmi Láoyè ni orúkọ ọkùnrin náà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Berlin. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Gesundbrunnen, ó ti gba nọ́ńbà Morísọ́lá, Morísọ́lá sì ti gbàgbé pátápátá pé Ràdíátù ọ̀rẹ́ òun ń dúró de òun níta nínú òtútù.

Láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni Morísọ́lá ń wọ ọkọ̀ lọ sí Berlin. Wọ́n á rìn ní Badstraße, wọ́n á ra iṣu lọ́wọ́ ará Ghana kan, wọ́n á sì máa jà lórí bóyá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ló ń ṣe dòdò tó dùn. Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, wọn kì í pe ara wọn ní "ẹ" mọ́.

Ọ̀sán Saturday kan, lórí òkè tó wà nínú ọgbà Humboldthain, ni Akínpẹ̀lúmi sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Mo ní àbúrò kan," ni ó wí. "Jìmí. January 2016, à ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ó ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Táyà bẹ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀, Morí. Iwájú orí mi nìkan ló bó. Òun, ó kú."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ló gba iṣẹ́ ní Germany. Kò tún dárúkọ Jìmí fún ẹnikẹ́ni ní ilé, títí kan ìyá tó bí àwọn méjèèjì, ó sì pa gbogbo fọ́tò àbúrò rẹ̀ rẹ́ nínú fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu kọ̀ tí kò sọ, ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó ń gbọ̀n débi pé kò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù mọ́. Dókítà wá rán an lọ sí Tagesklinik, ilé ìtọ́jú ọkàn tí èèyàn ń lọ láàárọ̀, tí á sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Níbẹ̀ ni Frau Behrens, obìnrin tó ń fi iṣẹ́ ọnà tọ́jú àwọn èèyàn, ti fún un ní bébà àti ọ̀dà. Gbogbo ìgbà tó bá ṣi ìlà kan fà, á ya bébà náà, á sì bú sẹ́kún. Ni obìnrin náà bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún un.

"Lórí èyí, tí mo bá ṣìṣe, ìka méjì, ó ti lọ," ni Akínpẹ̀lúmi wí. "Do you know what that means to me? Mo ti kúrò ní Tagesklinik since last year, but every morning, one hour, mo gbọ́dọ̀ ya nǹkan. Bí mi ò bá yà á, ọwọ́ yìí ò ní jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ó fi àwọn àwòrán Jìmí hàn án. Wọ́n lé lógójì. Nínú gbogbo wọn, ẹ̀yìn ni ọmọkùnrin náà kọ síni: orí fífá, ẹ̀wù bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ìyeyè, JÌMÍ gàdàgbà lẹ́yìn ẹ̀wù. Kò sí ọ̀kan tó ní ojú.

"Frau Behrens ní kí n yí i padà kó kọjú sí mi. Mi ò lè yí i."

Morísọ́lá mú ọwọ́ náà, ó fi ẹnu kò ó. "Má kánjú, ọkọ mi."

"Ọkọ kẹ̀? Ṣé mo ti dé ipò yẹn ni?"

"O ti wà lórí queue."

Ní ọjọ́ tí ikú Jìmí pé ọdún mẹ́ta, Akínpẹ̀lúmi ya títì dúdú kan, ó ya ọkọ̀ tó dojú dé, ó ya ẹ̀wù ìyeyè náà nílẹ̀, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Àbúrò mi, dárí jì mí." Kálámù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà á gidi.

Fóònù dún. Morísọ́lá ni, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Hamburg. Kò ní ọ̀rọ̀ gúnmọ́ kan í sọ. Ó kàn fẹ́ ròyìn pé òun wà nínú sùtáná láìwọ bàtà nínú oṣù Kìíní, àti pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òun kan ti fẹ́ pàdánù. Akínpẹ̀lúmi rẹ́rìn-ín. Bí Morísọ́lá ṣe ń sọ̀rọ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà funfun kun orí títì dúdú náà. Kí ó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Morísọ́lá ti dúró nínú àwòrán ọ̀hún nínú sùtáná, pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán àti ẹ̀rín. Kò tíì ya ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan nípa ẹ̀rọ yìí. Ohun tí èèyàn bá fi ìka méjì pa rẹ́, ó ti tán. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá kun ọ̀dà bò, ẹ̀rọ náà ń pa á mọ́ ní ìlà-ìlà, ó sì lè tún gbogbo rẹ̀ fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ bíi fíìmù. Akínpẹ̀lúmi mọ èyí, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ṣáà ló ń ṣe. Inú rẹ̀ kàn dùn jù láti rántí.

Nígbà tó di oṣù Kẹrin, ó ku kí Akínpẹ̀lúmi lọ rí bàbá Morísọ́lá. Alàgbà Oyèníyì kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ojú kékeré wò. Ogún ọdún ló ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Rothenburgsort, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló sì mọ̀ pé kò ní fa ọmọ rẹ̀ lé ọkùnrin kankan lọ́wọ́ láìwádìí ẹbí rẹ̀ dé ìdí.

"Má dárúkọ Jìmí," ni Morísọ́lá wí lórí fóònù. "Not yet. Tí Bàbá bá gbọ́ pé ìwọ lo wa ọkọ̀, wọ́n á gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn aríran á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ohun tí ò sí. Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé o ò ní àbúrò."

"Kí n sọ pé mi ò ní àbúrò?"

"For now. Nítorí mi, jọ̀wọ́."

Ó gbà. Àwọn méjèèjì ni mo bá wí, àmọ́ mo bá Morísọ́lá wí jù.

Ní ọjọ́ tó lọ sílé wọn ní Lurup, ní Hamburg, ìyá Morísọ́lá ti se oúnjẹ tó lè bọ́ ìjọ. Alàgbà Oyèníyì jókòó sórí àga rẹ̀, ó wo Akínpẹ̀lúmi láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ nìkan lo wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọkùnrin kì í dá wá tọrọ ìyàwó. Àwọn èèyàn rẹ dà?"

"Bàbá mi ti ṣaláìsí, sà. Màmá mi wà ní Abẹ́òkúta."

"O ò ní ẹ̀gbọ́n?"

"Èmi ni àkọ́bí, sà."

"Àbúrò ńkọ́?"

Lábẹ́ tábìlì, ọwọ́ Akínpẹ̀lúmi ti bẹ̀rẹ̀.

"Mi ò ní, sà."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ti àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ lo wákàtí kan. Wọ́n jẹun, Akínpẹ̀lúmi bu ọbẹ̀ kún un, ara rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó sì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì jáde láti fi ẹ̀bùn rẹ̀ hàn. Ìyá Morísọ́lá kígbe ayọ̀ nígbà tó rí ọmọ rẹ̀ nínú sùtáná. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Ẹ̀rọ ló yà á," ni ó wí. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ̀ẹ́ tẹ bọ́tìnì, á yọ."

"Rárá o, sà. Ọwọ́ mi ni mo fi yà á."

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn?"

Ìgbéraga ọkùnrin kò ju ibi kan lọ, ibẹ̀ náà ni bàbá fọwọ́ bà. "Ẹ jẹ́ kí n fi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ hàn yín, sà," ni Akínpẹ̀lúmi wí, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Ìlà àkọ́kọ́ yọ. Dúdú ni.

Ibẹ̀ ló ti rántí. Ó na ọwọ́ kó dá a dúró, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá ti wà lórí ẹ̀rọ náà. "Má fọwọ́ kàn án," ni bàbá wí. Gbogbo wọn ń wò ó. Títì náà gùn jáde. Ọkọ̀ dojú dé. Ẹ̀wù ìyeyè yọ nílẹ̀, lẹ́yìn náà orúkọ, lẹ́yìn náà àwọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Àbúrò mi, dárí jì mí. Ọ̀dà funfun wá ń bò wọ́n mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ojú Morísọ́lá fi jókòó sórí gbogbo rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Ta ni Jìmí?" ni bàbá bèèrè.

"Àbúrò mi ni, sà. Ó kú nínú ọkọ̀. Èmi ni mo wà á."

Alàgbà Oyèníyì kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ikú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀," ni ó wí. "Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀, ó jáde lọ sunkún. Ìwọ sẹ́ ọmọ ìyá rẹ lórí tábìlì mi, o bu ọbẹ̀ kún un. Ẹni tó sẹ́ àbúrò rẹ̀ lónìí, á sẹ́ ọmọ mi lọ́la. O tún wá fi ojú ọmọ mi bo òkú."

Akínpẹ̀lúmi wo Morísọ́lá. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu rẹ̀ ti tó: Bàbá, èmi ni mo ní kó sọ bẹ́ẹ̀. Morísọ́lá wo àwo tó wà níwájú rẹ̀. Ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó ka ìrẹsì inú rẹ̀.

Akínpẹ̀lúmi kò fi í sùn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí méjèèjì, ó gbé kóòtù rẹ̀, ó lọ. Tábúlẹ́ẹ̀tì kù sórí tábìlì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Morísọ́lá fi pè é tí kò gbé e. Nọ́ọ̀sì ni, ó mọ ohun tí òwúrọ̀ mẹ́ta láìsí kálámù náà lè ṣe fún ọwọ́ yẹn, ìtìjú kò sì jẹ́ kó lè jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó bá bàbá rẹ̀ ní kíṣìnnì, nínú aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ̀. Títì dúdú náà tún ń gùn jáde. Kò sí bó ṣe lè mọ iye ìgbà tí bàbá ti wò ó.

"Ọmọ yìí kò lójú," ni bàbá wí láìgbé orí sókè. "Kí ló dé?"

"Kò lè yà á, Bàbá. Ó ti ń gbìyànjú láti ọdún méjì." Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù. "Bàbá, èmi ni mo ní kó sọ pé òun ò ní àbúrò. Kò fẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí níwájú yín, mi ò la ẹnu. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó sẹ́ èèyàn rẹ̀ lórí tábìlì yẹn, èmi ni."

Bàbá de okùn bàtà rẹ̀ tán, ó dé ẹnu ọ̀nà, kó tó sọ̀rọ̀.

"Gbé nǹkan rẹ̀ lọ fún un. Sọ fún un pé mo ní kó wá ní Sunday tó ń bọ̀ lọ́nà kejì. Ṣùgbọ́n tó bá tún dá wá, kó má kan ìlẹ̀kùn mi."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Morísọ́lá dé Gesundbrunnen. Nígbà tí Akínpẹ̀lúmi ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ̀wù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo. Kò rí bọ́tìnì kankan dè.

"Mo wá bẹ̀ ọ́," ni Morísọ́lá wí.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni Akínpẹ̀lúmi bi í, lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. "Ohun tí Bàbá sọ. Ṣé mo fi ojú rẹ bo Jìmí ni? Mi ò tíì lè sùn."

"Èmi náà ti bi ara mi." Ó fẹ́ parọ́ fún un pé kò dun òun, kò wá pa á. "Ó dùn mí, Akin. Sọ fún mi."

"Ọjọ́ yẹn, mo ti wà nílẹ̀ títì yẹn pẹ̀lú ẹ̀. I couldn't get up. O wá pè mí, ò ń sọ̀rọ̀ ọmọ ìka ẹsẹ̀." Omi dà lójú rẹ̀. "Ohùn rẹ ni mo tẹ̀lé jáde. Mi ò fi ọ́ bò ó. Àmọ́ mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo nìkan jáde. Ìyẹn ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi."

Morísọ́lá wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í de bọ́tìnì ẹ̀wù náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ti ọrùn, ó jíṣẹ́ bàbá rẹ̀. Akínpẹ̀lúmi rẹ́rìn-ín tí kò dùn. "Ta ni mo ní ní Germany? Kí n mú Olúdàpọ̀ láti office?" Lójijì, ó mú fóònù, ó pe Abẹ́òkúta.

"Màmá," ni ó wí, "ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi fọ́tò Jìmí kan ránṣẹ́ sí mi."

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kó o dárúkọ rẹ̀ fún mi. Èwo lo fẹ́? Èyí tó wọ kóòtù, àbí èyí tó ti ń yọ ahọ́n sí mi?"

"Èyí tó yọ ahọ́n, mà."

Òwúrọ̀ mẹ́sàn-án ló gbà á. Ní mẹ́rin àkọ́kọ́, gbogbo ohun tó bá yà ló ń fi ìka méjì pa rẹ́. Ní ìkarùn-ún, ojú òsì tóbi ju ọ̀tún lọ díẹ̀. Ó gbé ìka méjèèjì sókè, ó wo fọ́tò, ó sì gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ láìkan gíláàsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ojú Jìmí ṣe máa ń rí tó bá ń ṣe ìjàngbọ̀n. Ó fi í sílẹ̀.

Ọjọ́ Sunday pé. Alàgbà Oyèníyì ṣí ìlẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ó wo Akínpẹ̀lúmi, ó wo àtẹ̀gùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Kí ni mo sọ fún ọ?"

"Ẹ ní kí n má dá wá, sà." Akínpẹ̀lúmi kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè. "Mi ò dá wá. Àbúrò mi ló bá mi wá. Jìmí Láoyè lorúkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Èmi ni mo wa ọkọ̀ tó kú sí. Mi ò ní sẹ́ ẹ mọ́, sà, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní sẹ́ ọmọ yín."

Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé àwòrán náà ò ṣe é wò. Alàgbà Oyèníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di etí kejì tábúlẹ́ẹ̀tì náà mú kó lè dúró. Ọmọkùnrin kan nínú ẹ̀wù ìyeyè kọjú sí i, ojú kan tóbi ju èkejì, ó yọ ahọ́n síta. Bàbá wò ó títí.

"Kí ló ń yọ ahọ́n sí mi fún?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Kò mọ àgbà."

Ètè bàbá mì. Ó kọjú sínú ilé. "Ìyá Morísọ́lá! Ẹ gbé àga kan kún un. Àwọn àna wa ti dé."

Morísọ́lá ló gbé àga náà. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Akínpẹ̀lúmi, ó gbé Jìmí tì í kó lè rí gbogbo ilé, òun náà sì dúró síbẹ̀, kò lọ. Bàbá jókòó, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń bi àlejò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀. Kí lẹ wá ṣe nílé wa?"

Kí Akínpẹ̀lúmi tó la ẹnu, ọmọ ilé ti dáhùn, ẹni tí kò yẹ kó tíì sọ̀rọ̀ rárá.

"Èmi ni wọ́n wá tọrọ, Bàbá," ni Morísọ́lá wí. "Mo sì ti gbà."